Ojú Kan Lè Jí Ṣáájú Èkejì

Bàbá Pyo, ẹ jókòó. Ẹ gbé fìlà yín sórí tábìlì,
òjò Seoul ṣì ń kán létí rẹ̀.
Ọdún méjìlélógójì lẹ fi wa takisí,
gbogbo afárá orí odò Han lẹ mọ̀ bí ẹní mọ ọmọ ìyá ẹni,
àfi iná pupa tó wà lókè orí yín gan-an
ni ẹ kò rí mọ́.
Ìpéǹpéjú ti wó bí òrùlé ilé àtijọ́,
ẹ wá ń gbé àgbọ̀n sókè
bí ẹni ń wá òṣùpá lọ́sàn-án gangan.
Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí;
ẹ wo bí alákàn tiwa ti ń fi orí ṣọ́ ojú.

Èmi Hye-ran ni màá sọ bí yóò ti rí.
Dókítà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́n.
Oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ yín fẹ́lẹ́ ńkọ́?
Ṣé dókítà ọkàn yín mọ̀ pé ẹ fẹ́ dá a dúró?
Ẹ pè é kí ẹ tó lọ. Mo ń dúró.

Yóò fi bírò aláwọ̀ àlùkò fa ìlà sí yín lójú.
Ìlà ni o, kì í ṣe ilà; ọṣẹ yóò wẹ̀ ẹ́ nù.
Abẹ́rẹ́ yóò ta yín lẹ́ẹ̀kan bí agbọ́n.
Ohun tó bá kù,
bí ẹni ń fa òwú lára aṣọ ẹlòmíràn ni.
Ẹ óò gbóòórùn nǹkan tó jóná díẹ̀.
Ẹ má bi mí pé kí ni.
Rédíò yóò máa ka èsì bọ́ọ̀lù àfigigbá;
bí ẹgbẹ́ yín bá fìdí rẹmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mi orí.

Ẹ má wakọ̀ wálé.
Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ìdajì Seoul relé,
lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ọmọ yín ni ẹ óò jókòó sí.

Ilẹ̀ yóò mọ́, ojú yóò wú,
bíi búrẹ́dì tó gba ooru omi híhó.
Àwọ̀ yóò sọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́: àlùkò, lẹ́yìn náà ìyeyè.
Yìnyín nínú aṣọ. Ìrọ̀rí méjì.
Ẹ má bẹ̀rẹ̀ nítorí okùn bàtà.
Ojú kan lè jí ṣáájú èkejì;
ìbejì pàápàá, wọn kì í gba ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà.
Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dùn yín gógó, tí ìríran ń ṣú,
ẹ má dúró de àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ pè wá.

Bàbá Pyo yí fìlà náà po.
"Ṣé màá ṣì jọ ìyá mi?"

Ha. Ojú la fẹ́ tún ṣe,
ojú lẹ ń bẹ̀rù pé yóò sọnù.
Mo ti ṣe tèmi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
ẹ̀bùn tí ìyá mi fún mi nígbà tí mo yege ìdánwò.
Ọmọbìnrin kan wà nínú káàdì mi àtijọ́
tó máa ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó.
N kò kábàámọ̀.
Mo kàn máa ń kí i.

Ọjọ́ keje ni wọ́n padà wá.
Mo yọ òwú, ó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà.
Wọn kò bèèrè dígí.
Fèrèsé ni wọ́n lọ, wọ́n wo oríta nísàlẹ̀.
"Pupa," wọ́n ní.
Wọ́n dúró. Àgbọ̀n wọn kò gbéra.
"Ó ti di àwọ̀ ewé."
Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi:
"Nọ́ọ̀sì, ewú ti wà lórí yín.
Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi."